Ijja Febi Pa Ara Rẹ̀, Òṣùwọ̀n Kò Mì

Aago mẹ́wàá àárọ̀ kò tíì lù tí inú Ijja ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kì í ṣe kíkùn ráńpẹ́ tí èèyàn lè fi ikọ́ bò mọ́lẹ̀ o. Ó kùn tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó jókòó tì í fi dá òkúta ọwọ́ rẹ̀ dúró, tó sì yíjú sí i.

"Ìyàwó wa, ṣé inú rẹ ló ń pariwo yẹn ni àbí ọkọ̀ akẹ́rù ló ń gòkè bọ̀?"

Kelthum ló sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ọkọ Ijja, ẹni tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi bí ọwọ́ rẹ̀ kì í ti í sinmi. Gbogbo obìnrin tó wà nínú gbọ̀ngàn náà bú sẹ́rìn-ín. Àwọn méjìlá ni wọ́n jọ ń fọ́ èso àrígán lójoojúmọ́ nílé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn, ní abúlé kan lẹ́bàá ìlú Tiznit, nílẹ̀ Mòrókò: òkúta kan nísàlẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́, èso láàárín, gbà! Kóró inú rẹ̀ ni wọ́n ń fún òróró.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀," ni Ijja wí. "Láti alẹ́ àná, n kò tíì fi oúnjẹ kan ẹnu."

"Ó dáa, kí ló wá ń jẹ́ kí o máa tóbi sí i? Atẹ́gùn?"

Ẹ̀rín tún sọ. Ijja bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun. Ìbéèrè kan náà lòun fúnra rẹ̀ ti ń bi ara rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ méjọ sẹ́yìn, kò sì rí ẹni dá a lóhùn. Ó fa tíréè tíì mọ́ra, ó mú òòlù kékeré, ó fọ́ ègé kan lára odindi ṣúgà tó le bí òkúta, ó sì jù ú sínú ìkòkò. Ó bu díẹ̀ sínú ife, ó tọ́ ọ wò. Ó tún fi ègé kan sí i. Ara rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni o. Ijja, ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, kò bá ẹnikẹ́ni du ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́. Ìpá ló yọ sí i ní ìdodo lẹ́yìn ọmọ tó bí kẹ́yìn, ó sì ti ń tóbi bọ̀ títí tó fi tó ọsàn kékeré. Ní oṣù kẹwàá, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní ọsibítù ìlú tẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní kí ó gun òṣùwọ̀n. Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún.

"Ìyá, màá ṣe é fún yín," ni dókítà wí, "ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fọn wá sí àádọ́rùn-ún kílò. Bí ọ̀rá ikùn yín bá pọ̀ báyìí, ojú ọgbẹ́ náà lè má jiná dáadáa, ìpá á sì tún yọ padà. Mo ti kọ orúkọ yín sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Bí ẹ kò bá tíì fọn nígbà yẹn, ẹlòmíràn ló máa gba ibùsùn náà, ó di ọdún tó ń bọ̀. N kò sì fẹ́ kí ẹ dúró di ọdún tó ń bọ̀. Bí ìfun bá há sínú ìpá yìí lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni."

Ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè yẹn ni Ijja gbé sórí délé. Láti ọjọ́ náà ló ti kọ ẹ̀yìn sí oúnjẹ. Kò jẹ búrẹ́dì àárọ̀ mọ́. Tí wọ́n bá gbé ọbẹ̀ ọ̀sán kalẹ̀, á dìde bí ẹni pé wọ́n pè é níta. Alẹ́ nìkan ló ń bá àwọn ará ilé jókòó ti àwo, òun náà sì mọ̀ pé tí wọ́n bá ti jókòó báyìí, ọwọ́ òun kì í gbọ́ràn sí òun lẹ́nu.

Kò sí ẹni tí kò ní ìmọ̀ràn fún un. Belaid ọkọ rẹ̀ ní kí ó máa gbààwẹ̀.

"Ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í sanra, Ìyá Idder."

"Bàbá Idder, oṣù ààwẹ̀ tó kọjá, ta ló sanra nínú ilé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin?"

Belaid wo ikùn ara rẹ̀, ó fa aṣọ bò ó. Kelthum ní fínígà ni kí ó máa mu kó tó sùn, kí ó sì fi ọ̀já so ikùn le kí ebi má baà rí àyè. Ó mu fínígà, àyà ta á títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó so ọ̀já, ìpá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó tú u dànù. Ọkùnrin kan ní ọjà Ọjọ́bọ̀ ta ìyẹ̀fun kan fún un, ó ní ó ń pa ebi bí ìgbà tí wọ́n bá pa iná àtùpà. Ọjọ́ méjì ni ìyẹ̀fun náà fi ṣe é ní ìgbẹ́ gbuuru, ebi náà kò sì kú.

Gbogbo ọjọ́ Ajé ló ń lọ sí ilé ìlera abúlé láti wọn ara. Nọ́ọ̀sì Nezha ló wà níbẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti ìlú ńlá, oníwà jẹ́jẹ́ tí kì í fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kìíní, òṣùwọ̀n ní mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹrin, bákan náà. Ọ̀sẹ̀ kẹjọ, ó di mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún.

"Ó lé sí i?" Ijja ń wo nọ́ńbà náà bí ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn èké kàn. "Ọmọ mi, wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó, Lala Ijja." Orúkọ ọ̀wọ̀ fún obìnrin ni Lala ní ilẹ̀ wa. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o. Kí lẹ jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Kò sí."

"Lánàá lọ́sàn-án ńkọ́?"

"Mo ní kò sí! Ṣé kí n búra ni?"

Nezha wo ìwé, ó wo Ijja, ó tún wo ìwé. Ọ̀rọ̀ náà rú òun náà lójú. Ó ní bóyá òṣùwọ̀n ló bàjẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ lọ gbé àpò ìyẹ̀fun oníkílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n wá láti ilé ìtajà òdìkejì, wọ́n gbé e sórí rẹ̀. Kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n géérégé. Òṣùwọ̀n ò purọ́.

"Kí ẹ tún dín búrẹ́dì alẹ́ kù," ni Nezha wí níkẹyìn, nítorí kò mọ ohun mìíràn tí ì bá sọ.

Nígbà tí Ijja délé tó ròyìn, Belaid fi ọwọ́ ra irùngbọ̀n rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyá Idder, má bínú o. Ṣé kì í ṣe pé o ń jẹun ní kọ̀rọ̀?"

Ijja wọ ilé ìdáná, ó ti ìlẹ̀kùn, ó sì sunkún. Ọdún mẹ́rìnlélógún tí wọ́n ti fẹ́ ara wọn, kò jí nǹkan jẹ rí. Èyí tó tún burú níbẹ̀ ni pé òun náà ti ń ṣiyèméjì sí ara rẹ̀. Ṣé èèyàn lè máa jẹun lójú oorun ni? Ó yẹ ìkòkò wò, ó ka búrẹ́dì inú aṣọ. Kò sí èyí tó dín.

Ọjọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, ọjọ́ tí inú rẹ̀ kùn níṣojú gbogbo wọn gan-an, ló ṣubú.

Ó ń dìde kúrò nídìí òkúta láti lọ bomi ni òyì bá kọ́ ọ. Ilẹ̀ yí, ojú rẹ̀ ṣú, ó di ògiri mú, ògiri kò sì gbà á. Àwọn obìnrin ju òkúta sílẹ̀, wọ́n sáré gbé e. Ẹnìkan ń fẹ́ ẹ, ẹnìkan ń ké pe orúkọ Ọlọ́run. Kelthum, tí ó fi í ṣe yẹ̀yẹ́ láàárọ̀, ti ń wa ẹkún mu.

"Ẹ bu tíì wá! Kí ó dùn o!"

Wọ́n fún un ní ife méjì. Láìpẹ́ ojú rẹ̀ là, ara rẹ̀ mókun.

"Ẹ rí i?" ni Ijja wí pẹ̀lú ohùn tí kò tíì le. "Tíì yìí nìkan ló kù tó ń gbé mi dúró láyé."

Nezha, tí wọ́n ti ránṣẹ́ pè, dé pẹ̀lú àpò rẹ̀. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó gún ìka Ijja, ó kán ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ kékeré kan, ó sì dúró. Ìwájú orí rẹ̀ ká jọ.

"Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ yín kò lọ sílẹ̀ rárá. Ó tilẹ̀ ga díẹ̀. Ẹni tí kò jẹun láti àná, níbo ni ṣúgà ti wá?"

"Wọ́n fún mi ní tíì."

"Ife mélòó?"

"Méjì péré."

"Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ìyẹn," ni Nezha sọ, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ó yé e. Ó fẹ́ dìde.

"Jókòó, ọmọ mi!" Ijja ti na ọwọ́ sí tíréè. "Àlejò kì í kúrò nílé wa láìmu tíì. Ṣé kí wọ́n lè sọ pé ahun ni wá?"

Àwọn obìnrin ní kí ẹlòmíràn sè é, kí ó sinmi. Ijja kọ̀. Tíréè yẹn, ọdún mọ́kàndínlógún ló ti wà níwájú rẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà rí i ló ń sè tíì fún àwùjọ. Ẹni tí wọ́n bá gbé tíréè fún, wọ́n ti gbé iyì fún un. Bí àwọn tó wá ra òróró bá sì ti tọ́ tíì Ijja wò, wọ́n á ní àwọn kò rí irú rẹ̀ rí láti ìlú Agadir wá.

Ó fi omi gbígbóná ṣan ewé tíì, ó dà á nù, ó fi ewé míǹtì sí i, ó fọ́ ṣúgà lé e lórí. Ó bu sínú ife, ó tọ́ ọ wò, ó gbé ife náà mu tán. Ó fọ́ ṣúgà sí i. Ó bù, ó tọ́ ọ wò, ó mu ún tán. Ó tún fi ègé kan sí i. Ó bù, ó tọ́ ọ wò, ó mu ún tán, ó mi orí.

Nezha kò ronú àtilọ mọ́.

"Lala Ijja, ṣé ẹ ti ń mu tíì náà nìyẹn?"

"Rárá o. Mo ń tọ́ ọ wò ni."

"Ẹ mu ún tán."

"Èyí tí mo ti fẹnu kàn, ṣé kí n dà á padà sínú ìkòkò fún gbogbo èèyàn ni? Ọmọ mi, níbo ni wọ́n ti tọ́ ẹ dàgbà?"

Gbọ̀ngàn gbẹ̀rín. Nezha kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde.

"Ìkòkò mélòó lẹ ń sè lóòjọ́?"

"Ó kéré tán mẹ́rin. Bí oníbàárà bá dé, a máa ń sè é fún wọn lọ́tọ̀."

"Ṣé ẹ máa ń bá wọn mu?"

"Ṣé kí àlejò dá mu ni, kó lè rò pé mo fi májèlé sí i?"

"Ẹ gbọ́, ẹ jọ̀ọ́." Nezha bu èso àrígán lẹ́kùnwọ́ láti inú apẹ̀rẹ̀, ó dà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ tíréè, ó sì gbé abọ́ òfìfo kan tì í. "Lọ́la, ẹ ṣe gbogbo nǹkan bí ẹ ti ń ṣe é. Nígbàkígbà tí ẹ bá ti gbé ife kan mu, bóyá ìtọ́wò ni o, bóyá ti àlejò ni o, ẹ ju èso kan sínú abọ́ yìí. Màá padà wá nírọ̀lẹ́."

Ijja rò pé eré ọmọdé ni, ṣùgbọ́n ó ṣe é. Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí Nezha dé, tí wọ́n da abọ́ náà sílẹ̀, èso mẹ́tàlélógún ló yí gbiri sórí ẹní.

"Ẹnìkan fi kún un," ni Ijja wí lójú ẹsẹ̀. Ó wo Kelthum.

"Èmi kẹ̀? Mo fi Ọlọ́run búra, n kò fọwọ́ kàn án. Èmi gan-an ń wò ọ́, ẹ̀ẹ̀mejì lo tiẹ̀ gbàgbé."

Nezha ti ra odindi ṣúgà kan lọ́nà. Ó fọ́ ọ, ó ń gbé e lé orí ìwọ̀n ìdáná tí wọ́n fi ń wọn kóró. Ife kan, báyìí. Ife méjì, báyìí. Nígbà tó fi kó ti ife mẹ́tàlélógún jọ, ó ti di òkìtì kan nínú abọ́. Ìdá mẹ́rin kílò ni, bí kò bá tilẹ̀ lé díẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, ṣùgbọ́n ojú kì í sábà rí gbogbo ẹlẹ́dẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan báyẹn.

"Ohun tí ẹ mu lónìí nìyí, Lala Ijja. Agbára inú oúnjẹ tí àwa ń kà ní ọsibítù, tí a ń pè ní kálórì, èyí tó wà nínú òkìtì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí ara yín nílò fún odindi ọjọ́. Ẹ wá fi oúnjẹ alẹ́ lé e."

"Ṣùgbọ́n tíì kì í ṣe oúnjẹ!" ni Ijja ké. "Ta ló fi tíì yó rí? Ebi ń pa mí! Ebi ń pa mí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Bí mo bá ń jẹ tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ebi ń pa mí?"

"Òótọ́ ni ebi ń pa yín. Ẹ̀yin kò yó, ara yín ló ń yó." Nezha jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ṣúgà inú tíì, kíá ló ń wọlé, kíá ló ń jáde. Bó bá ti jáde, ó máa ń pe ebi padà, ẹ tún á wá tíì. Inú tó ń retí oúnjẹ kò sì rí nǹkan tó wúwo dì mú. Ìdí nìyẹn tí òyì fi kọ́ yín. Lala Ijja, ẹ̀bi mi ni. Ọ̀sẹ̀ méjọ ni mo fi ń bi yín léèrè ohun tí ẹ ń jẹ. N kò bi yín léèrè ohun tí ẹ ń mu rí."

Ojú ti Ijja, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ dùn pé òun kò ya wèrè, bẹ́ẹ̀ ni ìbínú tún wà níbẹ̀, kò sì mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí. Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Kò wá kòkòrò náà níbẹ̀ rí, nítorí ọwọ́ ara rẹ̀ ló gbé obì dání.

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ jẹun."

"Kí n jẹun?"

"Ẹ jẹun láàárọ̀. Ẹyin méjì pẹ̀lú ìdá mẹ́rin búrẹ́dì ọkà bálì, tàbí ọbẹ̀ bísárà tí ẹ fi ẹ̀wà gbígbẹ sè, òróró díẹ̀. Ẹ jẹun lọ́sàn-án: ẹ̀fọ́ kí ó gba ìdajì àwo, ẹja sàdíìnì tàbí ẹ̀wà, búrẹ́dì kékeré. Bí ẹ bá jẹun lọ́sàn-án, ọwọ́ yín á gbọ́ràn sí yín lẹ́nu lálẹ́. Ẹ máa jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́, nítorí ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ìròyìn tó dé orí pé oúnjẹ ti wọ inú. Ebi á ṣì máa dé, n kò ní purọ́ fún yín. Ara tó ń fọn máa ń bèèrè. Ṣùgbọ́n bó bá dé láìtó àsìkò, ẹ mu omi, ẹ dìde, ẹ rìn yí ilé ká, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú ogún. Ó máa ń dé, ó sì máa ń lọ."

"Tíì ńkọ́?"

Nezha mọ̀ pé iyì Ijja ni ọ̀rọ̀ òun máa kàn.

"Ẹ lè mu ún láìsí ṣúgà. Tàbí ife kan tó dùn lóòjọ́, kí ẹ mọ̀ pé ẹ mu ún. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń tọ́ tíì wò fún èèyàn méjìlá kò lè ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì."

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní kí wọ́n máa gbé ṣúgà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí oníkálukú máa fi sí tirẹ̀. "Tíì wo nìyẹn? Tíì ọsibítù?" Ẹlòmíràn ní kí Ijja máa tọ́ ọ wò, kí ó sì máa tu ú dànù. "Níwájú oníbàárà?" Kelthum ní ọmọ kékeré kan kò lè ti ìlú ńlá wá kó máa kọ́ àwọn bí wọ́n ti ń sè tíì.

Ijja gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ìdodo rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ibi tí ìpá náà ti yọ gọngọ. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Ó gbé tíréè náà pẹ̀lú ìkòkò, ife, òòlù àti ohun gbogbo, ó sì fi í síwájú Kelthum.

"Ẹ gbà, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹnu Kelthum ṣí, kò sì sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nìyẹn.

"Ìyàwó wa… tíì mi kò dùn."

"Mo mọ̀," ni Ijja wí. Omi lé ròrò sí i lójú. "Gbogbo wa la mọ̀."

Kò rọrùn o. Ẹni tó bá ní ó rọrùn, irọ́ ló ń pa. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, orí fọ́ Ijja fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nítorí ṣúgà tí kò wọlé mọ́. Ó ń wo ọwọ́ Kelthum lórí òòlù, ó ń ṣe é bí ẹni pé ẹnìkan wọ aṣọ rẹ̀. Kò tiẹ̀ mọ ohun tó yẹ kó ṣe pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ebi dé bá a ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó mu omi, ebi ò lọ. Ó rìn dé ìdí kànga, ebi ń tẹ̀ lé e. Ó padà, ó rìn dé ilé ìyá ọkọ rẹ̀, ó bá wọn ṣa ẹ̀wà. Ìgbà tó rántí pé ebi ń pa òun, kò rí i mọ́. Ó yà á lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀ tó fi sọ ọ́ sókè: "Níbo ló lọ?"

Ọjọ́ kan wà tó kùnà. Nílé ìsọmọlórúkọ kan, wọ́n ń gbé tíì dídùn síwájú rẹ̀ ṣáá, ó sì mu ife márùn-ún. Ó lọ jẹ́wọ́ fún Nezha bí ẹni tó jalè.

"Ife márùn-ún kì í ṣe mẹ́tàlélógún," ni Nezha wí. "Ṣé ẹ jẹun láàárọ̀ yìí?"

"Mo jẹun."

"Ó parí."

Belaid náà tọrọ àforíjì. Kì í ṣe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, nítorí náà ẹja sàdíìnì ló ń rà bọ̀ láti ọjà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí Ijja fi ní òórùn ẹja ti kún ilé, òun ti dárí jì í, kó sinmi.

Òṣùwọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Kì í sáré. Ọ̀sẹ̀ kan, ààbọ̀ kílò. Ọ̀sẹ̀ mìíràn, kílò kan. Ọ̀sẹ̀ kan wà tí kò mì rárá, Ijja kò sùn lóru ọjọ́ náà, ó rò pé ohun tó ṣe é tẹ́lẹ̀ ló tún padà dé. Nezha ní òṣùwọ̀n náà máa ń sinmi bí èèyàn ni.

Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì pé. Dókítà ní kí ó gun òṣùwọ̀n ọsibítù. Ijja gùn ún, ó sì pa ojú dé.

"Àádọ́rùn-ún kílò àti ààbọ̀," ni dókítà kà.

Ijja la ojú. Ààbọ̀ kílò! Gbogbo wàhálà yẹn, ààbọ̀ kílò ló fẹ́ gba ibùsùn lọ́wọ́ òun?

Dókítà wo ìborùn gígùn tó wé mọ́ra láti orí dé kókósẹ̀. "Ìyá, aṣọ yín yìí nìkan tó ààbọ̀ kílò. Ẹ lọ gba ibùsùn yín."

Nírọ̀lẹ́, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù wá bá a. "Títí di ìgbà tí a bá parí iṣẹ́ abẹ lọ́la, ẹ kò ní jẹ, ẹ kò ní mu o. Ebi máa pa yín, ẹ má bínú."

"Jẹ́ kó wá," ni Ijja dáhùn. "Mo ti mọ ohùn rẹ̀ báyìí. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ohun tó bá ké nínú mi ni mo máa ń dá lóhùn."

Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ náà láàárọ̀, ó sì yọrí sí rere.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí wọ́n bá ní kí ẹ fọn nítorí àìlera, ẹ má fi ebi pa ara yín. Ẹ máa jẹun ní àsìkò, kí ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹ̀fọ́ ṣíwájú, kí búrẹ́dì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ohun mímu dídùn, oúnjẹ ni, ìbáà ṣe tíì, ìbáà ṣe omi ọsàn, ìbáà ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ìtọ́wò pàápàá, oúnjẹ ni. Ẹ kà á mọ́ ohun tí ẹ jẹ. Bí ebi bá dé ṣáájú àsìkò, ẹ fún un ní omi àti ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ sì wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe. Bí òyì bá ń kọ́ yín, ẹ má ṣe dúró, ẹ lọ sí ilé ìlera. Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, àti ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, ẹ má dín oúnjẹ kù láìjẹ́ pé ẹ bá òṣìṣẹ́ ìlera sọ̀rọ̀. Oníyẹ̀fun tó ń pa ebi lọ́jà, ẹ kí i, kí ẹ máa bá ọ̀nà yín lọ.

Kí ojú má sì ti yín láti sọ ohun gbogbo fún nọ́ọ̀sì, títí kan èyí tí ẹ rò pé kò já mọ́ nǹkan. Ẹni tó ń fọn, kò sí bí ebi kò ṣe ní pa á díẹ̀. Ṣùgbọ́n ebi tí a kò bá ṣílẹ̀kùn oúnjẹ gidi fún, ọ̀nà ẹ̀bùrú ló máa ń gbà wọlé.